Ilé Wa Lórí Tábìlì Wọn

Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kẹfà oṣù kejì, 1994

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ kí n tó mú kálámù. Ẹ kú àtijọ́, ẹ kú ìrọ́jú ìlú. Mo kí Màmá, mo sì kí ẹsẹ̀ wọn náà, torí mo mọ̀ pé bí mi ò bá kí ẹsẹ̀ yẹn lọ́tọ̀, wọ́n á ní mi ò béèrè wọn. Ṣé òróró ìpara tí mo fi rán Àǹtí Àmúdàtù ti dé ọwọ́ wọn? Ààwẹ̀ ti wọlé dé tán, Ọlọ́run á fún wa lókun láti gbà á dópin.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Oṣù mẹ́rin kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá, ojú ló ń tì mí láti kọ̀wé. Ilé ìfọṣọ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kógbá sílé, mo wá ń ti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ ìkejì. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti ṣe é. Mo ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan, mò ń bá wọn tẹ̀wé.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ló yà mí lẹ́nu. Òyìnbó mẹ́fà ni wọ́n, sójà tó ti fẹ̀yìn tì ni gbogbo wọn. Ogun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ ni wọ́n máa ń rò. Wọ́n á kọ ìtàn rẹ̀, wọ́n á tẹ́ máàpù sórí tábìlì kan tó fẹ̀ tó yàrá Màmá, wọ́n á to igi wẹ́wẹ́ lé e lórí, wọ́n á wá máa ta á bí ẹni ń ta ayò. Èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ báyìí, ti Nàìjíríà ni. Ọdún 1999 ni wọ́n fi í sí. Wọ́n ní ìbò kan á dà rú, sójà á pín sí méjì, wọ́n á dojú ìbọn kọ ara wọn, nígbà tó bá sì di ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ ogun àwọn orílẹ̀-èdè òkèèrè á wọ Èkó wá làjà. Ìtàn lásán ni o, ẹ má jẹ́ kí àyà Màmá já.

Ọ̀gá wa, Kenneth ni wọ́n ń pè é, béèrè ìlú mi. Mo ní Èkó. Ó ní apá ibo? Mo ní Ẹnu Ọ̀wá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó. Bàbá, òyìnbó yìí dìde, ó bọ̀ mí lọ́wọ́! Ohun tí wọ́n ń fẹ́ mọ̀ ni pé ǹjẹ́ ìtàn àwọn ṣeé gbà gbọ́? Wọ́n sì fẹ́ mọ bí omi ṣe jìn tó láti ẹnu òkun títí dé ọ̀dọ̀ wa, torí ìwé tí wọ́n ní ti pẹ́ jù. Mo bá sọ fún wọn pé ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi wọn omi ọ̀sà fún ìjọba.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ èyí tí ẹ bá rántí. Ìwé ìgbélùú mi á parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Kenneth ní bí mo bá wúlò fún wọn, àwọn á gbà mí síṣẹ́ pátápátá, àwọn á sì bá mi tún ìwé náà ṣe.

Ọmọ yín,
Nusrat


Ẹnu Ọ̀wá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, 1994

Nusrat Àníkẹ́,

Mo jẹ́ ìkíni rẹ. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ náà jẹ́ ẹ. Òróró dé, ó ń ta bí ata, Hàwáwù ìyá rẹ sì ní ó dáa bẹ́ẹ̀, torí lójú tirẹ̀ oògùn tí kò bá ta kì í ṣe oògùn. Ní ti oṣù mẹ́rin tí o fi gbàgbé wa, mi ò ní sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń wo ọwọ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà, kì í ṣe èmi.

Mo ka ìtàn àwọn ọ̀gá rẹ. Ta ló rò ó? Ọmọ iléèwé ni? Ẹnikẹ́ni ò gbúròó nǹkan kan tẹ́lẹ̀, òwúrọ̀ ọjọ́ kan lásán ni sójà bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn? Àwa tí a rí ti Bìáfrà mọ̀ pé ogun kì í wọlé bẹ́ẹ̀. Sọ fún Kenneth pé bẹntiróòlù ló máa kọ́kọ́ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ epo á daṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn báǹkì tó wà ní Tinúbú á máa ṣí fún ààbọ̀ ọjọ́, tó bá yá wọn ò ní ṣí mọ́. Àwọn tí ìlú wọn jìn á kó ẹrù lọ sí gáréèjì, bí o bá bi wọ́n, wọ́n á ní àwọn kàn fẹ́ lọ kí ìyá àwọn ni. Ọjà Balógun á pa rọ́rọ́ lọ́sàn-án gangan. Ìgbà yẹn ni kí wọ́n tó mú ìbọn wọ̀ ọ́. Ìyẹn ló ń jẹ́ ìtàn.

Wọ́n tún ń béèrè bóyá òyìnbó lè kó ọkọ̀ ogun wọ Èkó wá làjà. Wọ́n ti ṣe é rí ńkọ́? Ní 1851, àwọn méjì ń du àga ọba kan, òyìnbó ní àwọn wá bá wa parí rẹ̀. Ìró àgbá tí wọ́n yìn lọ́jọ́ náà ni àwọn baba wa fi sọ ogun yẹn ní Àgídìngbì. Ìyá tó bí bàbá bàbá mi wà níbẹ̀, ọmọbìnrin kékeré ni nígbà yẹn, inú kànga gbígbẹ ni wọ́n sọ ọ́ sí títí ilé fi jó tán lórí rẹ̀. Òyìnbó náà ò sì gbádùn rẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò, torí ọ̀kan nínú ọkọ̀ wọn há sórí iyanrìn, kò lè lọ kò lè bọ̀. Wọn ò ní ẹni tó mọ omi.

Èmi mọ omi. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwé kejì, láti ẹnu òkun títí dé iwájú Èbúté Èrò. Sọ fún wọn pé èmi ni mo wọ̀n ọ́n, ọwọ́ ara mi sì ni. Okùn tí ìjọba fún wa, awọ ni wọ́n fi sàmì sí i, awọ sì máa ń rà. Èmi ni mo gé léèsì pupa ìyá rẹ wẹ́wẹ́, mo so ó mọ́ okùn náà ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà mẹ́fà. Bí ọwọ́ rẹ bá tutù, tí òjò sì ń bọ́ sí ọ lójú, ihò ara léèsì yẹn ni wàá fọwọ́ bà tí wàá mọ ibi tí o dé. Kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo etí òkun yìí. Ìyá rẹ ò tíì dárí léèsì náà jì mí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fẹ̀yìn tì, ẹnikẹ́ni ò bi mí ní nǹkan kan nípa omi rí. Kí Ọlọ́run bá mi bù kún Kenneth. Ṣé irú nǹkan tí wọ́n ń rò yẹn á wá ṣẹlẹ̀? Kò lè ṣẹlẹ̀. Ogun kan ti tó orílẹ̀-èdè kan. Máa jẹun dáadáa.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jimoh


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, 1994

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

Èmi ni mo túmọ̀ lẹ́tà yín fún wọn. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ bẹntiróòlù, Kenneth gbé kálámù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá rẹ gbọ́n ju gbogbo àwa tá a wà níbí lọ." Wọ́n fa ìtàn tiwọn ya, tiyín ni wọ́n ń lò báyìí. Léèsì pupa yẹn gan-an, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé wọn bí ẹ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ẹ wo bí orí mi ṣe wú!

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ta á. Wákàtí kan dúró fún ọjọ́ kan. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mò ń kọ gbogbo nǹkan tí wọ́n bá sọ. Ìgbà yẹn ni mo rí ilé wa lára máàpù. Kì í ṣe àdúgbò wa ni mò ń wí o, ilé wa gan-an, tòun ti àgbàlá àti páànù tuntun tí ẹ fi bo ilé ìdáná lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Wọ́n ní inú bàálù ni wọ́n ti ya àwòrán rẹ̀. Bàbá, ọ̀sán gangan ni wọ́n yà á, mo rí i lára òjìji àwọn ilé, ṣùgbọ́n mi ò rí ẹnì kan ní gbogbo Ẹnu Ọ̀wá. Kò sí ọmọdé, kò sí ẹni tó ń sá aṣọ. Mo fi ìka kan ilé wa, Kenneth ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fọwọ́ kàn án.

Nǹkan méjì ló kù tí wọ́n ń fẹ́. Èbúté kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa, báwo ni omi ibẹ̀ ṣe jìn tó? Ọ̀nà mélòó ló sì gba etí omi yẹn dé ẹ̀yìn Ìga? Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Ọmọ yín,
Nusrat


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà, 1994

Bàbá mi,

Ṣé kò sí o? Ó ti lé ní oṣù méjì ààbọ̀ tí mo ti kọ̀wé, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bú mi, kí n ṣáà gbọ́ ohùn yín. Kenneth ń béèrè èsì lójoojúmọ́.

Ìgbà mẹ́fà ni wọ́n ti ta ogun náà báyìí. Bó ti wù kí wọ́n gbé igi náà gbà, ọjọ́ kẹsàn-án ni ọkọ̀ òyìnbó máa ń dé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Kenneth ní òun fẹ́ wò ó bóyá wọ́n lè dá ogun náà dúró kó tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ó já bébà, ó tún òmíràn kọ. Kò rí i dá dúró. Ó wá ní kí n lọ bá òun po tíì.

Ọmọ yín,
Nusrat


Ẹnu Ọ̀wá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù keje, 1994

Nusrat,

Lẹ́tà rẹ méjèèjì wọlé lọ́jọ́ kan náà, lọ́jọ́ Tuesday. Orí ìdúró ni mo wà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, mo wá jókòó. Àmúdàtù ń bọ̀ lọ́hùn-ún wá ra léèsì tó máa tà ní Balógun, òun ni mo fi èyí rán. Mi ò fẹ́ kó gba ọwọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn òṣìṣẹ́ epo ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù. Àná mo fẹsẹ̀ rìn láti ilé lọ sí Tinúbú láti gba owó ìfẹ̀yìntì mi. Aago mọ́kànlá ni báǹkì ti ilẹ̀kùn. Mo gba Balógun padà. Ọmọ mi, mo gbọ́ ìró bàtà ara mi nínú Ọjà Balógun! Gbogbo ìsọ̀ wà ní títì, aṣọ tí ẹnì kan gbàgbé sórí okùn ń mì, kò sì sí atẹ́gùn. Nígbà tí mo délé, mo bá ayálégbé wa tó wà ní yàrá iwájú, ó ń di ẹrù. Mo ní, "Ibo là ń lọ?" Ó ní, "Gáréèjì ni, Àlùháńjì. Mo kàn fẹ́ lọ kí ìyá mi ni." Ọ̀rọ̀ ẹnu mi gan-an ló ń sọ fún mi.

Èyí tó burú jù ni ti ọjọ́ Sunday. Sùlè ọlọ́kọ̀ wá kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Àlùháńjì, ẹ bọ́ síta jàre, ẹ wá wo nǹkan. Àwọn òyìnbó kan wà lójú omi o." Ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí iwájú Èbúté Èrò. Àwọn méjì ni wọ́n wà nínú ọkọ̀ kékeré kan, wọ́n ń ju okùn sómi, wọ́n ń fà á jáde, wọ́n ń kọ̀wé. Mo kí wọn, ọ̀kan juwọ́ sí mi. Nígbà tí wọ́n fa okùn náà sókè, mo rí i. Léèsì ni wọ́n fi sàmì sí i, léèsì pupa, ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà mẹ́fà. Sùlè wojú mi. Ó ní, "Àbí ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn ni?" Mo ní kó gbé mi padà sílé.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹnu tèmi ni. Wọ́n ní ẹni bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, omi gbígbóná ni èmi dà sí iwájú gbogbo àdúgbò. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò sì ní purọ́ fún ọ. Bi Kenneth léèrè ẹni tó rán àwọn yẹn wá. Ní ti èbúté ẹ̀yìn ilé wa, wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu mi mọ́.

Bàbá rẹ


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, 1994

Bàbá mi,

Àǹtí Àmúdàtù fi lẹ́tà yín lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹ ti rù. Mo sunkún.

Mo bi Kenneth. Mo rò pé ó máa fi mí rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ò rán ẹnikẹ́ni, pé ẹni tó bá sanwó ló ń ra ìwé àwọn, ohun tó bá sì fi ṣe, ọwọ́ tirẹ̀ ló kù sí. Mo ní ta ló rà á? Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìbéèrè ẹni tó ń tẹ̀wé.

Ẹ fojú fo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn lọ́rọ̀ bẹntiróòlù, kì í ṣe èmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òjò ń bọ̀ kọ́ ló rọ òjò. Ẹ má ṣépè fún ara yín. Àwọn òṣìṣẹ́ epo ò ka lẹ́tà yín kí wọ́n tó daṣẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méje ló kù kí ìwé mi parí. Kenneth ní bí ẹ kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ará Èkó pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun á wá ẹlòmíràn. Ó máa rí i, Bàbá. Ẹni náà á wá jókòó síbi tí mo wà, èmi á wọ bàálù padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ẹ sì tún jọ̀ọ́, ẹ gbé Màmá lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní Ẹ̀pẹ́. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ọmọ yín,
Nusrat


Ẹnu Ọ̀wá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ, 1994

Nusrat ọmọ mi,

A kí ọ. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé arọ náà ti gbọ́, ó gbọ́n, kò sì lọ sí Ẹ̀pẹ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ rẹ. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, ìwọ ò tiẹ̀ burú. Ohun tí wọ́n béèrè nìyí. Èbúté kékeré ẹ̀yìn ilé wa: ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni omi rẹ̀. Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ nìkan ló kù, òkúta ṣóńṣó sì wà lábẹ́ ẹrẹ̀ náà. Ẹrẹ̀ yẹn gbé odidi màlúù mì ní 1958, gbogbo àdúgbò ló rí i. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ti ibẹ̀ jáde, ẹni méjì ò lè kọjá ara wọn nínú rẹ̀. Ọkọ̀ kankan ò lè gúnlẹ̀ síbẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n lọ wá ibòmíràn.

Fi orúkọ mi sí i.

Bàbá rẹ,
Jimoh


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹsàn-án, 1994

Bàbá mi,

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ kú ilé. Bàbá, ẹ purọ́.

Mo mọ èbúté yẹn. Orí òkúta ibẹ̀ ni èmi àti àwọn ọmọ Sùlè ti máa ń bẹ́ sómi, a ò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ńlá tó ń kó yanrìn máa ń gúnlẹ̀ sí, títí dé ìdí ògiri. Ọ̀nà mẹ́rin ló sì ti ibẹ̀ jáde, mo lè fi ojú dídì rìn wọ́n. Màlúù wo? Ṣùgbọ́n Kenneth béèrè bóyá mo lè jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yín, mo ní mo lè jẹ́rìí, mo sì buwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n fún mi níwèé pé iṣẹ́ mi ti di pátápátá. Wọ́n ti bá mi tún ìwé ìgbélùú náà ṣe. Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo tilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Friday ni wọ́n tún un ta. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, Kenneth wo nọ́ńbà tí ẹ kọ, ó wò ó pẹ́. Ó kó gbogbo igi tó dúró fún ọkọ̀ ojú omi kúrò ní ẹ̀yìn ilé wa. Inú mi dùn gidigidi. Ó wá ní, "Bí a kò bá lè rìn wọ ibẹ̀, a jẹ́ pé òkè la máa gbà." Ó mú igi mẹ́ta mìíràn, bàálù ni wọ́n dúró fún, ó tò wọ́n sókè Ẹnu Ọ̀wá. Lẹ́yìn náà ó gé bébà dúdú kékeré kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilé wa àti àwọn ilé tó yí i ká lórí; àmì ibi tí bọ́ǹbù máa bọ́ sí ni.

Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní àwọn ènìyàn ń gbé ibẹ̀. Ó fi sùúrù dá mi lóhùn. Ó ní nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n á ti sá tán. Ó ní ìtàn bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀, pé wọ́n á kó ẹrù lọ sí gáréèjì.

Kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ òtítọ́ omi náà, ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n máa gbà wọlé pẹ̀lú ìbọn. Bí mo bá dákẹ́, bébà dúdú náà á wà níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ni wọ́n máa fi apá tó kẹ́yìn nínú ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn tó rà á, lẹ́yìn ìyẹn kò sẹ́ni tó lè yí i padà mọ́.

Nusrat


Ẹnu Ọ̀wá, Ìsàlẹ̀ Èkó
Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá, 1994

Àníkẹ́ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mi ò mọ̀ pé o ṣì rántí ìdí ògiri yẹn.

Bẹntiróòlù ti padà. Báǹkì ti ṣí, Balógun ti ń pariwo, ayálégbé wa ti kó ẹrù rẹ̀ dé, ó ní ìyá òun ń kí wa. Gbogbo ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ti tán. Èmi nìkan ni mi ò lè jẹun. Bí mo bá wà lójú pópó lọ́sàn-án, mò ń gbójú sókè, mò ń wò ó bóyá ẹnì kan ń ya àwòrán wa. Mò ń ka àwọn ènìyàn tó wà lójú ọ̀nà, kí n lè mọ̀ pé a ṣì wà níbẹ̀.

Ìtàn mi kò pé, ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Àwọn tó ń lọ ni mo kọ. Mo gbàgbé àwọn tí kì í lọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ni mí. Ní 1967 tí bọ́ǹbù bọ́ sí Èkó, a ò kúrò níbí. Èmi àti Sùlè ti lọ láti ojúlé dé ojúlé báyìí. A ní, "Bí ogun bá dé, ṣé ẹ máa lọ?" Ẹni tó bá ní òun ò lọ, a kọ orúkọ rẹ̀. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn kan rò pé orí mi ti dà rú.

Ẹni mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Wọ́n wà nínú ìwé tí mo fi pọ̀ mọ́ èyí. Hàwáwù, ìyá rẹ, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta. Sùlè, torí kò sẹ́ni tó máa tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá Adeline, Sàró tó ń gbé lójú ọ̀nà tó kọjú sí wa, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó ní òun ti ra ibi tí wọ́n máa sin òun sí, kí ni òun tún ń wá lọ sí ìlú onílùú? Bashiru tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n sọ ní Angela, ìyá rẹ̀ ló dáhùn fún un.

Dìde kí o ka orúkọ wọn lórí tábìlì yẹn. Má túmọ̀ wọn, má sì gé wọn kúrú, pè wọ́n bí a ṣe ń pè wọ́n nílé. Èmi ò gbà pé ọmọ ènìyàn lè gbọ́ orúkọ ẹni mẹ́tàlélọ́gọ́ta tán, kó ṣì lẹ bébà mọ́ wọn lórí. Sójà ni Kenneth lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá ló bí i. Ìyá rẹ ní bó bá fẹ́ rí òun, kó wá, òun á se oúnjẹ fún un.

Bàbá rẹ,
Jimoh


Lọ́ńdọ̀nù
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹwàá, 1994

Bàbá mi, Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín.

Mo kà á. Ọjọ́ Wednesday ni, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Kenneth ní kí n sọ ọ́. Mo dìde, mo ka orúkọ kọ̀ọ̀kan, mo sọ ọjọ́ orí rẹ̀ àti ojúlé tó ń gbé, bí ẹ ṣe kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá, mo ka tiwọn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo bí mo ṣe ń kà á ni Kenneth ń kọ ọ́, ó tilẹ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ń pe Bashiru dáadáa. Mo rò nínú ara mi pé Bàbá ti ṣe é. Mo rò ó tọkàntọkàn.

Nígbà tí mo parí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ẹ̀tàn, Bàbá, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní, "Mẹ́tàlélọ́gọ́ta?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí ìwé ńlá náà sí ibi tí wọ́n kọ iye ẹni tó máa kú lábẹ́ bébà dúdú sí. Irínwó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, ó kọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ìròyìn rere ni mo mú wá, pé irínwó ti ń da àwọn láàmú láti ọjọ́ yìí, ìjọba kankan ò ní gbà láti pa irínwó. Ó ní iye yìí ti wá ṣeé gbà gbọ́, ó sì ṣeé gbà.

Mo mú kóòtù mi, mo jáde. Mi ò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ òtítọ́ omi wa fún wọn, mi ò sì ní sọ ọ́ láéláé. Ìwé ìgbélùú náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi níbẹ̀, kí wọ́n fún ẹni tó bá ń fẹ́ ẹ.

Màmá, ẹ má sunkún, ẹ má sì bá mi jà. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Kí lẹ́tà yìí tó dé ọwọ́ yín, ó ṣeé ṣe kí èmi fúnra mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá, ẹ mú ìwé orúkọ tiyín tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ tún iye náà kọ. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wá.

Nusrat